Bàbáńlá Nùrẹ́nì Tó Wà Lára Owó Fàdákà

Lánàá, bí a ṣe kírun Àsárì tán, ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ àwa Yorùbá ní Yantala, ní Niamey níbí. Mo pè é ní ààfin, ilé onípáànù ni o. Àmọ́ Baálẹ̀ Ògúntádé ti kun géètì rẹ̀, ó sì gbé fọ́tò olórí ìjọba ológun kọ́ sára ògiri níbi tí afọ́jú pàápàá yóò ti rí i. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó, oníkálukú lórí ẹní tirẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí Alhaji Gàfárù, igbákejì Baálẹ̀, ti ń dọ́gbọ́n bí òun yóò ṣe gba oyè náà, nítorí náà wọn kì í jókòó sórí ẹní kan mọ́.

Hàwáù aláṣọ ló pẹjọ́. Nùrẹ́nì ló pè lẹ́jọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta àǹkárá, tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, Zubaidat. Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì. Àgbò ti wà lórí ìso, ṣùgbọ́n Hàwáù ní kò ní sí yìgì kankan.

"Kábíyèsí, ó ní fàdákà lòun máa fi ṣe sàdáàkì fún ọmọ mi. Ẹ wo ohun tó gbé wá."

Owó kékeré kan ni, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí ọkùnrin kan wà lójú kan rẹ̀, ọrùn gígùn, ewé yí i lórí ká, imú rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹnu àṣá. Ní ojú kejì, ọwọ́ méjì bọ ara wọn.

"Mo bi í pé ta nìyí. Ó ní bàbáńlá òun ni."

Baálẹ̀ kọjú sí Nùrẹ́nì. "Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Kábíyèsí. Ẹ wo imú rẹ̀, kí ẹ wá wo tèmi."

A wò ó. Kí n má purọ́, imú náà jọra.

"Ewé wo ló wà lórí rẹ̀?"

"Oòrùn ló ń pa á, Kábíyèsí."

Nígbà tí wọ́n fún un lọ́rùn díẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé awakọ̀ kan tó ń ná ojú ọ̀nà Arlit nínú aṣálẹ̀ ló rí i he nínú iyanrìn, tí òun sì fi àǹkárá yáàdì mẹ́fà gbà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù níbẹ̀, kò sí ohun tó jáde nínú iyanrìn tí ará Niamey kì í pè ní ọrọ̀. Ó ní ọwọ́ méjì yẹn gan-an ló wu òun: àwọn wo ló ń bọ ara wọn lọ́wọ́ báyẹn bí kò ṣe bàbá ìyàwó àti ọkọ ìyàwó níwájú àlùfáà? Àwọn ìgbìmọ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí.

Wọ́n pe Boubacar, alágbẹ̀dẹ fàdákà.

"Sarki, ọba wa, fàdákà gidi ni, wallahi. Mo jù ú sórí òkúta, mo gbóhùn rẹ̀. Ẹni tó wà lára rẹ̀, Faransé ni. Àwọn ló ni irú imú yìí."

"Ìjẹta o ní obìnrin ni," Hàwáù dá a lóhùn.

"Ìjẹta, n kò tíì fọ̀ ọ́."

Ó wá kan Sùlù, olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní àdúgbò Plateau ní Niamey níbí. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń tiro díẹ̀.

"Bàbá, c'est du latin, èdè Látìn ni. Ọba Róòmù ni. Owó yẹn, ó máa tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ewé yìí, adé ni. Ibi tí wọ́n kọ IMP sí yìí, olórí ọmọ ogun ló ń jẹ́."

Alhaji Gàfárù wo fọ́tò ara ògiri. "Ọwọ́ méjì yìí ńkọ́?"

"Wọ́n kọ ọ́ yí i ká: ìrẹ́pọ̀ àwọn sójà."

"Ìyẹn dára púpọ̀," Gàfárù sọ ọ́ sókè, fọ́tò ló sì kọjú sí.

"Kò dára, bàbá. Wọn ò rẹ́ rárá, torí ẹ̀ ni ọba ṣe yà á. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn sójà tiẹ̀ náà ló ká a mọ́ ààfin."

Ẹnì kan dìde lọ ti fèrèsé. Gàfárù ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, pé etí òun ti di láti ìgbà tí òun ti Mẹ́kà dé.

 Baálẹ̀ wá bèèrè pé ta ló ni sàdáàkì nínú ẹ̀sìn wa. A ní ìyàwó ni. Ó ní ta ló ti bi ìyàwó léèrè? Ojú tì wá, nítorí kò sẹ́ni tó bi í.

Zubaidat kúnlẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Àgbẹ̀ ni bàbáńlá rẹ̀, Kábíyèsí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo gba owó náà, mo sì fẹ́ ẹ. N kò kàn gba irọ́ ni."

"Irọ́ ni bàbá rẹ náà fi fẹ́ mi," ni Hàwáù wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Baálẹ̀ wá dájọ́. Ó ní kí wọ́n so yìgì ní Jímọ́ọ̀. Kí Boubacar dá owó náà lu, kí Zubaidat fi kọ́rùn, kí ọwọ́ méjì yẹn kọjú síta. Ohun tí Sùlù kà, kò kà á; bí sójà bá bi wá, ọwọ́ yìgì ni.

"Ìwọ Nùrẹ́nì, ẹni tó bá wá bàbáńlá kún bàbáńlá, dandan ni kó máa kí i. Fún ọdún méje, kí o tó lọ ṣọ́ọ̀bù, wàá dúró níwájú ìyàwó rẹ, yóò yí owó náà padà, wàá sì wí pé, 'Ẹ káàárọ̀, bàbá, mi ò ní purọ́ lónìí.' Ìyá Zubaidat yóò máa wá gbọ́ ọ."

Hàwáù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Nùrẹ́nì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbà.

Nígbà tí a ń túká, Baálẹ̀ ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́, kí ìlú lè rí i pé a rẹ́. Alhaji Gàfárù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ibòmíràn. Mo ti dé ìta nígbà tí mo gbọ́ tí Baálẹ̀ ń rọra bi Boubacar bóyá ó lè ya irú ọwọ́ méjì yẹn sára géètì ààfin, kí ó sì yà á tóbi.