Ìbọn Gígùn Nínú Yàrá Ìrẹsì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé. Bí mo bá rántí ẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi. Ìkórè ìjọ wa ku ọ̀la. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road, ní Creekmouth nílùú òyìnbó níbí, la ti ń jọ́sìn, yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ la sì kó àpò ìrẹsì ìkórè sí. Àwọn eku sì ti ń já àpò náà jẹ. Eku Creekmouth kẹ̀? Ológbò gan-an ń yà fún wọn!

Ta ló rán mi níṣẹ́ tí mo ń fọ́nnu káàkiri ìjọ pé ọmọ ọdẹ Ìjẹ̀bú ni mí? Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, kàn wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ ọdẹ, ọwọ́ ẹ ni ìrẹsì yẹn wà o."

Mo gba ṣọ́ọ̀bù ìbọn lọ. Òyìnbó tó ń tà á bi mí pé kí ni mo fẹ́ pa, níbo. Mo ní eku, nínú yàrá kótópó. Ó gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kúkúrú kan wá.

"Èyí ló dáa fún eku inú ilé. Èyí tó gùn lára ògiri yẹn, ehoro la fi ń pa, ní pápá."

Inú bí mi. Ìbọn tí ò gùn tó ìgbálẹ̀! Ṣé bàbá mi á gbé èyí jáde? Mo ra èyí tó gùn.

Mo bọ́ bàtà bí òfin ìjọ wa, mo wọ sùtánà, mo wọlé. Eku kan yọjú. Mo yí ìbọn sí i, ẹnu ẹ̀ kọ́ àpò. Mo fà á sẹ́yìn, ìdí ẹ̀ gbá ògiri. Olè yẹn dúró, ó ń wò mí!

"Màá pa ẹ́ lónìí!"

Ló bá sáré gba orí ẹsẹ̀ mi, ó kó sábẹ́ sùtánà. Yéè! Mo fò sókè, ìbọn dún, ọta sì dá páìpù omi lu. Kí a tó rí ibi tí wọ́n ti ń pa omi náà, gbogbo ìrẹsì ti rin gbingbin. Eku ti lọ ní tiẹ̀.

Mo bú òyìnbó, mo bú eku, mo bú ẹni tó kọ́ ilé. Ìgbà tí kò ku ẹni tí mo lè bú mọ́ ni mo tó bú ara mi. Ohun tí a fẹ́ pa àti ibi tí a dúró sí ló ń yan ìbọn, kì í ṣe ìgbéraga.

Búrẹ́dì la jẹ lọ́jọ́ ìkórè. Ìyàwó mi já tiẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi.

"Bàbá Tóbi, bí ẹ bá fi àwọn eku yẹn sílẹ̀ lọ́dún kan gbáko, wọn ò lè jẹ ìrẹsì tó èyí tó ṣòfò yìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo gba búrẹ́dì náà jẹ.