Nọ́ńbà Ọ́ìlì Butti

Ṣọ́ọ̀bù Kalfan wà ní Dibba, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ohun èlò mọ́tò ìṣeré, èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù wà, ló ń tà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ọ̀ tán nígbà tí Butti gbé mọ́tò tirẹ̀ wọlé lábẹ́ abíyá.

BUTTI: Asàlámù àlékúmù, Bàbá Saidi.

KALFAN: Wàálékúmù salámù. Gbé e kalẹ̀.

BUTTI: Ẹ ò tíì béèrè ohun tó ṣe é.

KALFAN: Mo ti rí ikùn rẹ̀. Ilẹ̀ ti họ ọ́.

BUTTI: Ó fò ni.

KALFAN: Lẹ́yìn náà ńkọ́?

BUTTI: Ó sọ̀ kalẹ̀.

KALFAN: Táyà ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀, àbí ikùn?

BUTTI: Ikùn ló yára jù.

KALFAN: Ẹ̀ẹ̀melòó ló ta sókè kó tó dúró?

BUTTI: Èmi ò kà á. Ganim ló kà á, ó sì kà á sókè létí gbogbo ayé. Mẹ́fà.

KALFAN: Ganim wo?

BUTTI: Àbúrò ìyàwó mi. Òun ni mo máa bá sáré lónìí, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò máa da kọfí fún àwọn àlejò ní pálọ̀ àna mi, oṣù kan gbáko, láti alẹ́ òní. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń dà á, Bàbá Saidi.

KALFAN: Ọmọ ọdún mélòó ni Ganim?

BUTTI: Mẹ́rìnlélógún.

KALFAN: Ìwọ ńkọ́?

BUTTI: Orúnkún ń dùn mí.

*(Kalfan tú ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin tó gbé mọ́tò náà dúró. Ó da ọ́ìlì inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra á wò.)*

KALFAN: Nọ́ńbà mélòó nìyí?

BUTTI: Ọgọ́rùn-ún.

KALFAN: Èmi kọ́ ni mo tà á fún ọ.

BUTTI: Fujaira ni mo ti lọ rà á. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó kéré jù. Ẹ bá mi wá èyí tó tún kéré sí i.

KALFAN: Tó kéré sí ọgọ́rùn-ún?

BUTTI: Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá ní oní-nọ́ńbà ẹyọ kan, ẹ mú un wá, iyekíye tó bá jẹ́.

KALFAN: Mọ́tò yìí wúwo. Kílò mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló ń fẹ́.

*(Butti lọ ti ilẹ̀kùn.)*

BUTTI: Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ta lẹ ní kó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta?

KALFAN: Mọ́tò rẹ.

BUTTI: Bàbá Saidi, ẹ mọ nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò ńlá tí mo gbé síta yẹn?

KALFAN: Mẹ́rìnléláàádọ́rin.

BUTTI: Bàbá bàbá mi ló gbà á, nígbà tí mọ́tò ò tíì pé ọgọ́rùn-ún nílùú yìí. Tí mo bá dé oríta, wọ́n á wo nọ́ńbà mi, wọ́n á yà fún mi. Ganim ńkọ́? Nọ́ńbà mọ́tò tiẹ̀ gùn bíi ti fóònù. Ẹ wá fẹ́ kí n gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ pàdé ẹ̀?

KALFAN: Wọn ò jọra. Nọ́ńbà ti mọ́tò, oyè ni. Ti ọ́ìlì, bó ṣe ki tó ni. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́ìlì ṣe ń ki tó.

BUTTI: Bí wọ́n ṣe máa ń fi àwọn tí nọ́ńbà wọn pọ̀ lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn.

*(Kalfan mú ìgò méjì, ó dojú wọn délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀kan ti dé òkè. Ti èkejì ṣì ń bọ̀.)*

KALFAN: Kí lo rí?

BUTTI: Ọ̀kan yára. Èkejì ń rìn bí aláboyún.

KALFAN: Èyí tó yára ni ọgọ́rùn-ún.

BUTTI: Eré ni mo sì ń lọ sá!

KALFAN: Ṣọ́ọ̀kù kì í sáré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba mọ́tò dúró nígbà tó bá já látòkè. Tí ọ́ìlì bá ṣàn jù, kò sóhun tó máa gbà á dúró. Ilẹ̀ ló máa gbà á.

BUTTI: Àwọn wo ló ń ra ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́wọ́ yín?

KALFAN: Àwọn tó ń sáré.

BUTTI: Ọmọ ta ni wọ́n?

KALFAN: Mi ò béèrè.

BUTTI: Ẹ rí i?

KALFAN: Oòrùn tún wà níbẹ̀. Ooru máa ń mú kí ọ́ìlì ṣàn sí i. Ọgọ́rùn-ún tó wà nínú mọ́tò rẹ yìí, tó bá fi máa di Alásárì, á ti dà bí àádọ́rin.

*(Ojú Butti là.)*

BUTTI: Àádọ́rin? Á kéré ju ti bàbá bàbá mi lọ?

KALFAN: Ohun tí mo ń sọ kọ́ nìyẹn.

BUTTI: Tí mo bá gbé e sóòrùn láti ìsinsìnyí ńkọ́?

KALFAN: Butti.

BUTTI: Ìgbà wo ló máa di ẹyọ kan?

KALFAN: Nígbà tí mọ́tò bá gbiná.

*(Butti rò ó wò.)*

KALFAN: Inú ṣọ́ọ̀kù ni ọ́ìlì ń gbé. Ta ló máa rí nọ́ńbà rẹ̀?

BUTTI: Ọlọ́run.

KALFAN: Ọlọ́run náà ló rí i nígbà tó ta lẹ́ẹ̀mẹfà.

*(Butti jókòó. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn.)*

BUTTI: Ọgbọ̀n alẹ́ lórí ìdúró.

KALFAN: Tí òṣùpá bá tètè lé, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

BUTTI: Ẹ dà á sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn.

*(Kalfan ṣí ìgò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó fẹ́ máa dà á.)*

BUTTI: Ganim ńkọ́? Èwo ló rà?

KALFAN: Èyí náà.

*(Butti fọwọ́ bo ẹnu ṣọ́ọ̀kù.)*

BUTTI: Èmi àti Ganim? Nọ́ńbà kan náà?

KALFAN: Ẹ dọ́gba.

BUTTI: A ò gbọdọ̀ dọ́gba. Èmi ni mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín kan.

KALFAN: Wọn kì í ṣe é.

BUTTI: Ẹ ṣe é.

*(Kalfan wo aago. Ó wo Butti. Ó mú ìgò ọgọ́rùn-ún, ó kán ẹ̀kán méjì sínú ìgò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó dé e, ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀ kó rọlẹ̀.)*

KALFAN: Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín kan.

BUTTI: Ó dá yín lójú?

KALFAN: Ká ní mo kán ẹ̀kẹta ni, mi ò bá ti ṣì í.

*(Ó rọ ọ́ìlì náà sínú ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fà wọ́n sókè sódò títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Butti gbé mọ́tò ó lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún wọlé. Kò gbé nǹkan kan dání.)*

KALFAN: Báwo ló ṣe balẹ̀?

BUTTI: Bí ológbò. Mo fi ìwọ̀n mọ́tò méjì ṣíwájú ẹ̀.

KALFAN: Ó da kọfí?

BUTTI: Ó dà á. Ó da tèmi kún dé ẹnu ife.

KALFAN: Ife àlejò tó bá kún, "mu ún kí o máa lọ" nìyẹn.

BUTTI: Ohun tó wí nìyẹn. Mo mu ún, mo ní kó tún dà.

KALFAN: Ó dáa.

BUTTI: Ó bi mí nọ́ńbà tí mo lò, mo sọ fún un. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín méjì ló fẹ́.

KALFAN: Ìwọ ńkọ́? Èwo ni kí n ṣe fún ọ?

*(Butti wo ẹnu ọ̀nà.)*

BUTTI: Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ má kán nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n tó bá bi yín, ẹ ní mo ti wà lórí ó dín mẹ́wàá.

KALFAN: Èmi kì í purọ́.

BUTTI: Ẹ dákẹ́ nígbà náà. Èmi á sọ ọ́.

KALFAN: Á máa wá nọ́ńbà tó kéré sí tìẹ títí á fi dé ọgọ́rùn-ún. Ikùn ni mọ́tò ẹ̀ á máa fi wọ́lẹ̀.

BUTTI: Bàbá Saidi, ẹni tó bá ń lọ síbi ọlá, ẹ má dá a dúró.