Ẹja Kan Ṣoṣo Tó Kù Lọ́dọ̀ Ṣáínà

"Mà, ẹ yan ẹja tó bá wù yín. Níbí yìí, láàyè ni wọ́n máa ń mú un!"

Rótìmí ló sọ bẹ́ẹ̀, ó na ìka sí àpótí onígíláàsì kan lẹ́bàá ògiri bí ẹni tó ń fi ilé tuntun tó kọ́ han àna rẹ̀.

Màmá Láwùmí bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e padà sójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú omi náà, omi tó rí bí èyí tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀fọ́.

"Èwo ni kí n yàn nínú ẹyọ kan?"

Ẹyọ kan náà ni lóòótọ́. Àrọ̀ kan báyìí, ó tóbi, ó hu irunmú, ó dúró sójú kan, ó ń wò wọ́n bí ọ̀gá iléèwé tó rí ọmọ tó pẹ́ dé.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, lọ́dún 1987, ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Akọ̀wé ni Rótìmí ní Sẹkitéríàtì, ó sì fẹ́ fẹ́ Láwùmí, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn Jericho. Láwùmí ti gbà. Màmá Láwùmí ni kò tíì gbà. Ọdún méjìlélógún gbáko ni màmá yìí fi dáná fún iléèwé àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí àdúgbò Baṣọ̀run, ahọ́n wọn sì mú ju ọ̀bẹ àlùbọ́sà lọ. Ìgbà mẹ́ta ni Rótìmí ti lọ kí wọn. Ìgbà mẹ́ta náà ni wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, tí wọ́n ní, "A ti gbọ́. Máa lọ sílé ná."

Ló bá ronú pé bí òun bá ti lè gbé Màmá lọ jẹun nílé oúnjẹ Ṣáínà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ débẹ̀ rí o! Lọ́dún 1980, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi í jókòó sí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn ibẹ̀, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú.

Ká sòótọ́, ibẹ̀ gbóná nígbà náà. Òyìnbó ń wá, àwọn Kòráà ará Lẹ́bánónì ń wá, agbaṣẹ́ṣe àti ọ̀gá sójà ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ti ránṣẹ́ gbààyè sílẹ̀ láti Túsìdeè, ojú ló máa fi jẹun ní Sátidé.

Èyí tí wọ́n wá bá lọ́jọ́ yìí ńkọ́?

Òkú ilé!

Náírà ti ṣubú yakata, Ṣáínà tó ni ibẹ̀ ti di ẹrù, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n tábìlì, oníbàárà mẹ́ta. Aláǹtakùn ti gba gbogbo fìtílà pupa tó wà lókè, ó ti di lánlọ́ọ̀dù. Kápẹ́ẹ̀tì ń rùn bí òbúkọ tí òjò pa. Ẹ̀rọ amúlétutù ń wú ikọ́ kùhù-kùhù, kò tutù, kò sì kú.

Sàláwù tó ń gbé oúnjẹ fún èèyàn jáde sí wọn nínú aṣọ Ṣáínà kan tí wọ́n ya dírágónì sí lẹ́yìn. Ọṣẹ ti bó dírágónì ọ̀hún títí ó fi di aláǹgbá.

Rótìmí gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Gbé sípíríǹgì róòlù wá."

"Ó ti tán, Sà."

"Ìgbà wo?"

"Ọdún tó kọjá, Sà."

"Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n máa ń fi oyin sí lára ńkọ́?"

"Kò sí pẹ́pẹ́yẹ, Sà. Oyin wà."

Láwùmí fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí lẹ wá ní?" Rótìmí bi í.

"A ní ìrẹsì, Sà. A sì ní tíì."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tíì Ṣáínà!"

"Tíì tí wọ́n ń tà ní Bódìjà náà ni, Sà."

Màmá yí ojú ká gbogbo gbọ̀ngàn. "Ọmọ yìí, ṣé ẹ ń ta oúnjẹ níbí ni, àbí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

Òógùn bo Rótìmí. Ibi tó ti ń wá ibi tó máa fi ojú sí ló ti rí ẹja inú àpótí, ìyẹn ló jẹ́ kó fi ìgbéraga sọ pé kí Màmá yan èyí tó wù wọ́n.

Sàláwù fò sókè. "Háà! Sà, a kì í ta ẹja yẹn o!"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti wà níbí kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, Sà. Ọ̀gá là ń pè é."

"Pe máníjà fún mi!"

Máníjà jáde. Wándé ló ń jẹ́. Ọ̀nà ló ń ṣọ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ṣáínà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ló bá di máníjà. Ó wo ẹja, ó wo oníbàárà mẹ́ta. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló wọlé.

"Sàláwù, mú un fún wọn."

"Àwọ̀n ti já, máníjà."

"Ẹ sún sẹ́yìn!" Rótìmí dìde. "Èmi fúnra mi ni màá mú un."

Èmi fúnra mi! Ẹni tí Láwùmí ti rí tó sá fún aáyán!

Kò bọ́ kóòtù o. Ó ká apá rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ omi. Ẹja náà kò mira. Ó wò ó. Ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí òun.

PÀÀ!

Ìrù ló fi gbá a létí. Rótìmí lọgun, ó di àpótí mú kó má baà ṣubú, àpótí sì tẹ̀ lé e.

Wòòòòò!

Omi ọdún méje, pẹ̀lú ewé odò inú rẹ̀, dà lé e lórí. Àrọ̀ fò, ó balẹ̀ sórí tábìlì, gbì! Ife fọ́, ẹja sọ̀ kalẹ̀, ó ń yọ̀ lọ lórí kápẹ́ẹ̀tì, yọ̀ọ̀ọ̀.

Àfi fìrì, iná lọ.

Kọ́tínì ibẹ̀ nípọn bí ẹní. Ọ̀sán gangan, ibẹ̀ dúdú bí inú ìgò. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò ju pàtàpàtà àti ohùn Rótìmí lọ:

"Mo ti mú un! Mo ti mú un!"

"Ẹsẹ̀ mi nìyẹn, Sà."

"Mo ti tún mú un!"

"Ẹsẹ̀ mi kejì nìyẹn, Sà."

Yéè! Ẹ gbà mí, ìfun mi fẹ́ já!

Wándé sáré fa kọ́tínì, eruku bò ó, oòrùn wọlé. Rótìmí nìyí lórí eékún, ewé odò lórí bíi fìlà, ó di ẹsẹ̀ Sàláwù méjèèjì mú pinpin. Màmá ńkọ́? Màmá dúró nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ti ìka bọ abẹ́ àgbọ̀n ẹja, wọ́n gbé e dání bí ẹni gbé báàgì.

"Ó gba ẹsẹ̀ mi kọjá," ni wọ́n wí. "Níbo lẹ ti ń dáná?"

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dáhùn, wọ́n ti wọlé lọ, wọ́n ti so ìborùn mọ́ ìdí.

"Kí ni dúdú inú ìgò yìí?"

"Ọbẹ̀ Ṣáínà ni, Mà," Sàláwù dáhùn.

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ṣúgà jíjó." Wọ́n dà á nù. "Ata dà?"

"Ṣáínà kì í jẹ ata, Mà."

"Ṣé o rí Ṣáínà níbí?"

Sàláwù sáré sọdá títì, ó ra ata, ó ra efinrin, ó já àlùbọ́sà gbà níbi tó ti rí i. Iná jó, epo ta ṣàà, òórùn náà gba ojú fèrèsé jáde, ó bọ́ sí Ring Road.

Onítakisí kan ló kọ́kọ́ tẹ bíréèkì. Kíííí! Àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ yà. Lẹ́yìn wọn, tẹbí-taráa-ilé. Ẹja kan ni o! Àmọ́ ẹni tó ti fi ẹja márùn-ún bọ́ irinwó ọmọbìnrin rí, ṣé ẹyọ kan ló máa mú un lómi? Bí Màmá bá gé ẹja, èèyàn kì í rí i nínú ọbẹ̀, adùn rẹ̀ ló máa rí. Láàárín wákàtí kan, tábìlì kún, wọ́n ń gba àga mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tísà àgbà kan tó di táì labalábá di ojú, ó pọ́n ìka lá:

"Èyí gan-an ni ojúlówó Ṣáínà! Irú ẹ̀ ni mo jẹ ní Hong Kong!"

Wándé gbọ́ ọ, orí rẹ̀ wú. Ó sá wọ ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ gbà fún mi! Ẹ wá máa dáná fún wa!"

Rótìmí, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó, rò ó pé bí èèyàn bá máa bẹ̀bẹ̀, ìgbà tí inú Màmá dùn nìyí. Ó sáré wọlé, ó nà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Wándé, pẹ̀ẹ́!

"Màmá, ẹ dákun, ẹ gbà fún mi! Ẹ fún mi ní Láwùmí!"

Láwùmí sáré wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n mi orí. Wọ́n wo àwọn méjèèjì nílẹ̀.

"Ó dáa. Mo gbà. Dìde."

Àwọn méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ ṣé o, Mà!" "Ẹ ṣé gan-an ni, Mà!" Rótìmí ti ń sunkún ayọ̀, ó ti na apá méjèèjì sí Láwùmí.

"Rótìmí."

"Mà!"

Màmá fi ìpọnbẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀.

"Máníjà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Padà síbi tó o wà."