Ẹ̀ẹ̀melòó Ni Màmá Àgbà Ti Kú?

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó wọ ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Wọn ò sí ní Ìkirè lọ́jọ́ tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè ọmọdé ló hú ọ̀rọ̀ náà jáde. Àyọ̀bámi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń jẹun lọ́wọ́, ló bá wo ìyá bàbá rẹ̀ lójú, ó ní: "Màmá Àgbà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti kú?"

Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, àbí wọ́n ti gbàgbé èyí tí òjò dà rú ni? Màmá Àgbà fúnra rẹ̀, Wúràọlá òṣèré, ka ìka ọwọ́ ọ̀tún tán, ó bọ́ sí tòsì, ó sú u, ó mí kanlẹ̀.

"Jẹun rẹ, jàre. Ẹ̀gbọ́n Látúndé ò jẹ́ kí n kú tán rí."

Látúndé yìí, ẹni tó ń darí fíìmù ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò lè pa eṣinṣin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sì ti búra pé òun á fi ikú ìyá òun ṣe fíìmù, kí gbogbo ayé lè mọ irú obìnrin tó jẹ́. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí ìyá fẹ́ kú, ẹkún á gbé e. Kì í ṣe ẹkún kékeré o. Á di ojú pinpin, á la ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa jó.

Wúràọlá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí Látúndé kọ́kọ́ ní kó wá ṣe ìyá náà. Wọ́n da àtíkè sí i lórí kó lè hewú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Látúndé ò mọ̀: ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ni Wúràọlá ti kọ́ ikú náà. Òun ló jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó rí i tí ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, tó pa ìka mẹ́ta pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, kí ọwọ́ náà tó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló gbé wá sínú fíìmù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń fẹ́ ò ju pé kí àwọn èèyàn rí ọwọ́ ìyá òun.

Nígbà náà, fíìmù inú agolo ni wọ́n ń lò. Òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀, ẹ ó sì retí oṣù mẹ́ta gbáko kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ yà. Ó wọ́n bí ojú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè ya ibi ikú. Látúndé fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ sójú. Wúràọlá sùn sórí ẹní, àwo dòdò Ìkirè tí ìyá ò lè jẹ mọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ń kú dáadáa.

Ewúrẹ́ wọlé.

Sùfíánù tó di iná mú rí ewúrẹ́. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ rí ewúrẹ́. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá, ọ̀gá ti dijú, omijé ń kán sára ẹ̀rọ. Ta ló máa já ẹkún mọ́ ọmọ olóòkú lẹ́nu? Kò bójú mu. Wọ́n dákẹ́. Ewúrẹ́ jẹ dòdò tán, ó kọ ìdí sí ẹ̀rọ, ó ń lá ìka tí Wúràọlá gbé sókè.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn ìlú, èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dé ibi ikú, ìdí ewúrẹ́ gba gbogbo aṣọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ṣubú láti orí bẹ́ńṣì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Wúràọlá ní Ìyá Ewúrẹ́.

"Wúrà, fọwọ́ wọ́nú," ni Látúndé ń bẹ̀ ẹ́. "Mi ò rí i ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ o! Kì í ṣe èèrà!"

Ayé yí, fídíò dé. Látúndé sáré wá pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. "Wúrà, a ti bọ́! Bí a bá ti yà á tán la ó rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Sùfíánù ni yóò di ẹ̀rọ mú, èmi á kàn jókòó."

Wúràọlá ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà yẹn, àtíkè díẹ̀ ló tó o. Wọ́n so gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Látúndé bú sẹ́kún, ó gbọ̀n títí ó fi bọ́ láti orí àpótí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Sùfíánù fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láì pa á, ó lọ dì í mú. Ẹni tó ń tanná tẹ̀lé e, ẹni tó ń kunjú tẹ̀lé e, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn gbé ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó tẹ̀lé e. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ẹ mọ́kàn. Màmá ti lọ sinmi." Àwọn tó kù náà tẹ̀lé e, èèyàn méje dúró bí ògiri sáàárín ẹ̀rọ àti ẹni tó ń kú. Ẹ̀yìn ìdí méje ni Wúràọlá kú sí.

Látúndé wò ó lójú ẹsẹ̀, bó ṣe ṣèlérí. Àmọ́ bó ti gbọ́ ohùn ìyá báyìí, ó tún dijú. "Ó dára gan-an ni!" ló wí, ó sì tà á fáyé.

Ẹ̀gbọ́n Wúràọlá obìnrin rà á ní Ṣakí. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń kú lọ, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tó pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n ń sunkún. Kí ni yóò rò? Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹbí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wúràọlá ló jáde sí wọn, ó gbé abọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó sunkún ayọ̀, lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. "O wà láàyè, Wúràọlá! A ti ra màlúù! Kí la wá fẹ́ fi màlúù ṣe báyìí?"

Ayé tún yí, sídìí dé. Oníṣòwò tó fẹ́ tà á ní fíìmù kan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àfi kó ní apá kìíní, kó ní ìkejì. Lọ́tẹ̀ yìí, Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló ṣòfin. "Kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbi tó wà títí Ẹ̀gbọ́n á fi sọ pé ó tó. Ẹ jẹ́ kó sunkún lọ!"

Gbogbo wọn dúró. Ó gbé ọwọ́, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kú. Ikú náà mọ́ rekete. Ó kù kí Látúndé sọ pé ó tó, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Ìjàlọ gun orí ẹní. Òkú họ itan. Òkú gbá ọrùn. Nígbà tó pẹ́, òkú gbórí sókè, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣì máa kú lọ ni?"

Oníṣòwò ò yọ ibi ìjàlọ kúrò, torí ó ń wá ohun tí yóò fi kún apá kejì. Apá kìíní parí bí ọwọ́ ṣe fẹ́ kúrò nílẹ̀. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ látorí ìjàlọ. Ọwọ́ ìyá Wúràọlá bọ́ sáàárín.

Ọjọ́ kejì tí Àyọ̀bámi bèèrè ìbéèrè rẹ̀ ni Látúndé tún kanlẹ̀kùn. Ó ti di arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn.

"Wúrà, fóònù ló kù. Kò sí fífọ̀, kò sí sídìí, kò sí oníṣòwò. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ó gbé e sí, gbogbo ayé á rí i."

"Gbogbo ayé á rí kí ni, Ẹ̀gbọ́n? Ìdí ta ló kàn?"

Ó fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àmọ́ ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àtíkè ò wúlò fún un mọ́. Bí ikú gidi bá dé, òun àti ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni yóò jọ lọ. Ó tẹ́ ẹní sí yàrá. "Ìgbà ìkẹyìn nìyí," ló wí. Ó kú.

Nígbà tí wọ́n wo fóònù, Látúndé ni wọ́n rí. Ojú fóònù tó kọ sí i ló fi yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú rẹ̀ dì pinpin, ikun ń yọ nímú, ohùn Wúràọlá ń kú lọ ní ẹ̀yìn.

"Látúndé!"

Kò pè é lórúkọ lásán rí.

"Láti kékeré ni mo ti ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n. Lónìí, mo gbà á padà! Ewúrẹ́ wọlé, o dijú. Ìdí méje dí mi, o dijú. Ìjàlọ fẹ́ jẹ mí tán, o dijú! Ṣé èmi ò sunkún lọ́jọ́ tí ìyá tèmi ń lọ ni? Mo sunkún! Ṣùgbọ́n mo lajú sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé mi ò ní rí i mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran!"

Látúndé bèèrè jẹ́jẹ́ pé: "Kí lo rí?"

Wúràọlá sọ ti ọwọ́ fún un. Látúndé fi agbádá nu fóònù, ó yí i padà, ó ní kó dùbúlẹ̀ kó tún kú. Ó sunkún o, omijé rọ́ wọ irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n ó la ojú kalẹ̀ bí òwìwí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ilé péjọ síwájú rẹ̀. Ó dé ibi ikú. Ọmọ Wúràọlá bú sẹ́kún, ìyàwó rẹ̀ gbè é, Àyọ̀bámi fi aṣọ bojú, Látúndé wólẹ̀.

"Ta ló rí ọwọ́?" ni Wúràọlá bèèrè.

"Màmá, omi ló bo ojú," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ẹ gbé e padà!"

Wọ́n gbé e padà, wọ́n tún sunkún. Wọ́n gbé e padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ mọ̀ pé ẹkún a máa mú oorun wá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Látúndé ti ń hanrun lórí àga, ọmọ àti ìyàwó ti fèjìká ti èjìká. Wúràọlá fi ìró rẹ̀ bo Àyọ̀bámi, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ó gbóná, ó wá tún gbé e padà fún ara rẹ̀.

Ọwọ́ gòkè. Ìka mẹ́ta pàdé. Ó ti hunjọ, iṣan rẹ̀ yọ, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún mọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ gan-an ni. Omijé dé. Wúràọlá ò nù ún, kò sì ṣẹ́jú títí ọwọ́ fi sọ̀ kalẹ̀.

Àyọ̀bámi yíra padà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó, Màmá Àgbà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan," ló dá a lóhùn, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sùn tì í.

Ìdí rèé tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ewúrẹ́ bá sì wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé e.