Sítóòfù Halstein àti Ògiri Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ẹnu Halstein kò ní bíréèkì. Ní gbogbo ìlú Voss, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé òun ì bá ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kì í jókòó lẹ́ẹ̀mejì sórí àga tí Halstein bá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Halstein kò dákẹ́ rí, tara rẹ̀ ṣáà dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn ún jù ni Màmá Åshild, ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé lókè ilé wọn. Màmá kì í bú u o. Ó kàn máa ń sọ pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sí ọkùnrin nínú ilé yìí mọ́. Nídìí tábìlì oúnjẹ ló sì ti ń sọ ọ́, lójú Halstein. Halstein wá pinnu pé kí òtútù ọdún yìí tó dé, Màmá á fẹnu ara rẹ̀ pe òun ní ọkùnrin.

Ó ra sítóòfù onígi, irin dúdú ràbàtà, kó lè tì í bọ ojú ààrò àtijọ́ tó wà nínú ògiri pálọ̀. Sítóòfù kò wọlé. Ó fi òòlù fọ́ bíríkì títí ó fi wọlé, ni ilẹ̀kùn sítóòfù ò bá ṣí ju ìdajì lọ. Kéèyàn tó lè ki igi sí i, àfi kó dọ̀bálẹ̀.

Gunnvor ìyàwó rẹ̀ ní kó pe ọkùnrin tó ń gbá ihò èéfín fún ìlú, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe kí wọ́n tó dáná.

"Ṣé ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èédú ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́?" ni Halstein wí. "Máa se kọfí tìẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pe àwọn aládùúgbò wá jẹ wáfù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú sítóòfù, ó ṣáná sí i. Iná ràn, èéfín kankan ò sì yọ sí pálọ̀. Halstein dìde, ó gbọn eérú kúrò láyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àlejò bí èéfín ṣe ń rìn.

Oddmund, aládùúgbò tó pẹ́ dé, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá ń yan ẹja lókè ni?"

Ni gbogbo wọn bá sáré jáde. Kannakánná ti kọ́lé dí ẹnu ihò èéfín pa lórí òrùlé, fèrèsé Màmá lèéfín ń gbà jáde. Èéfín nìwà, làwọn àgbà wí. Wọn ò sọ fún wa pé ó lè gba yàrá ìyá ìyàwó kọjá.

Àṣé ihò sítóòfù àtijọ́ kan, tó já sínú ihò èéfín kan náà, wà lára ògiri yàrá náà. Bébà ògiri lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì gbé fọ́tò olóògbé ọkọ Màmá kọ́ síwájú rẹ̀. Màmá tó ń sun oorun ọ̀sán rọra sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ìdí ìkòkò. Halstein kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé kò sí ohun tó bàjẹ́ jù.

"Bébà ògiri ti bàjẹ́," ni Màmá wí. "Kọ́tìnnì ti dúdú. Bẹ́ẹ̀dì ò ṣeé sùn mọ́." Ó wo àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Fọ́tò ọkọ mi nìkan ni ò mì. Òun fúnra ẹ̀ ló kan ìṣó tó gbé e dúró."