Àmín Tí Mo Ṣe Lábẹ́ Ìtẹ́ Lékeléke

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí tí mo fi lè jókòó kọ èyí. Ojú mi rí nǹkan nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà ní Houston ní Amẹ́ríkà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé.

Ó ti tó bí ogójì ọdún báyìí. Àdúgbò Third Ward ni mò ń gbé, ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ni mo sì ń kọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣọ́ àwọn lékeléke kan tó ń yé sórí igi nínú irà lẹ́yìn ìlú, láti ìgbà tí wọ́n bá yé títí ọmọ wọn yóò fi fò. Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan, ti kìlọ̀ fún mi: bí ẹyin kan bá bàjẹ́ nítorí mi, iṣẹ́ ọdún náà ti parí nìyẹn.

Màmá Ìjọ, olórí àwọn ìyá nínú ìjọ aládùúrà wa, gbọ́ pé ọ̀nì wà nínú irà náà.

“Ìwọ nìkan, láàárín ọ̀nì? Kí ni màá sọ fún ìyá ẹ? Mò ń bá ẹ lọ.”

Ta ni èmi tí màá sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n jókòó sílé? Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀.

“Ṣé o rò pé ọmọdé ni mí ni?”

Lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi gbóná. Gbogbo omi tí mo gbé fún mímu ni mo dà sínú rẹ̀. Nígbà tí a dé irà, Màmá wọ súùtánà funfun, wọn ò sì ní wọ bàtà sí i, bí ìlànà ìjọ wa. Mo bá pọ̀n wọ́n. Ibi tí mo ti ń pọ̀n wọ́n lọ ni ẹrẹ̀ ti gba bàtà mi kan.

Lábẹ́ aṣọ tí mo ta láti fi sápamọ́, Màmá gbàdúrà jẹ́jẹ́ débi pé ohùn ẹ̀fọn ju tiwọn lọ. Wọ́n gbàdúrà fún ojú mi, fún ẹsẹ̀ mi, kódà wọ́n fi ọ̀nì náà kún un. Nígbà tí wọ́n dé “ní orúkọ Jésù,” kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là.

“Ààààmín!”

Látinú ikùn ni, bí mo ti ń ṣe é láti kékeré. Gbogbo ẹyẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run funfun. Màmá lajú, wọ́n wò mí.

“Ìwọ tó ní ká má sọ̀rọ̀ sókè ńkọ́?”

Ǹ bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ kannakánná ti dé. Kí àwọn lékeléke tó padà, àwọn kannakánná náà ti sọ ẹyin ìtẹ́ mẹ́rin fọ́. Pupa ẹyin ń kán látorí ewé.

Nígbà tí à ń padà, mo ní, “Màmá, ṣé kí n kọ ọ́ pé kannakánná ló jẹ ẹ́? Òótọ́ kúkú ni.”

“Ta ló lé ìyá wọn kúrò lórí ẹyin?”

Mo fi ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà tẹ ọkọ̀ síwájú.

“Kọ ọ́ bó ṣe rí, ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọn ò lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin àkọ́kọ́. Àmín kan gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ mi! Ìyàwó mi, tó ti ń ka oṣù tí màá fi padà dé nílé ní Iléṣà, kọ lẹ́tà sí mi: “Ṣé àmín ọ̀hún ò ṣeé gbé mì ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín àti èyí tó jẹ́ ẹkún nínú rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àmín tí a ṣe nínú ọkàn pàápàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa dáàbò bo ohun tí ẹ ń sàba lé, kí ó sì di ọmọ lójú yín.