Garawa Tó Ń Ran Páìpù Lọ́wọ́

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan tó gorí odò kọjá, ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, bíírò àti bàtà tó ń dán gbinrin. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò ló rán an pé kó wá wò ó bóyá ẹja ń rí ọ̀nà gba inú páìpù abẹ́ títì kọjá lọ sókè odò. Olùyẹ̀wò ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí títì ló dúró sí láti àárọ̀, kò yẹ nǹkan kan wò. Ìyá kan ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, garawa lórí, omi ń kán lára ìró rẹ̀. Ẹja pípa niṣẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá Onígarawa ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí.

OLÙYẸ̀WÒ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kí omi ta sí fọ́ọ̀mù yìí. Ohun ìjọba ni.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ̀ ń bọ̀ wá wo páìpù? Ọdún kẹta rèé tí a ti ń kọ̀wé.

OLÙYẸ̀WÒ: Èmi ni. Mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí? Ẹsẹ̀ yín ò tíì kan omi.

OLÙYẸ̀WÒ: Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mà, kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Apá òkè odò la wà yìí. Bí ẹja bá wà níbí, a jẹ́ pé ó ti gba inú páìpù wá láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá bá èèyàn nínú yàrá, ṣé ẹ tún máa ń béèrè bóyá yàrá náà ní ilẹ̀kùn?

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ó lè gba ojú fèrèsé wọlé.

OLÙYẸ̀WÒ: Ẹja kì í ṣe olè, mà.

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó na ọrùn síwájú, ó ń ka ẹja. Ìyá sọ garawa kalẹ̀, ó rọra tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sódò, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń sin ọmọ lọ síléèwé.

OLÙYẸ̀WÒ: Ẹ wá wò ó. Méje ni wọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n. Wọ́n ti di mọ́kàndínlógún. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń ya bọ̀. Páìpù gidi nìyí.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Méjìlá ni mo gbé wá.

OLÙYẸ̀WÒ: Mọ́kàndínlógún, mo ti kọ ọ́. Kí lẹ ní ẹ gbé wá?

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ẹja. Méjìlá. Àwọn tẹ́ ẹ ń kà yẹn. Ẹ kàn kọ ẹ̀yìn sí mi ni.

Ọ̀gá wo garawa, ó wo omi, ó wá wo ohun tó ti fi bíírò kọ.

OLÙYẸ̀WÒ: Láti ibo?

ÌYÁ ONÍGARAWA: Láti ìsàlẹ̀. Àgbàrá ti gbá ilẹ̀ abẹ́ páìpù lọ níbi tí omi ti ń jáde, ẹnu rẹ̀ wá fi ara kọ́ sókè. Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìbàdí mi ló dé. Ẹja á fò, á forí gbá sìmẹ́ńtì, á já bọ́. Á tún fò. Àkókò tí wọ́n ń lọ yé ẹyin lókè la sì wà yìí. Bí wọn ò bá yé e, kí ni mo fẹ́ rí pa lọ́dún tó ń bọ̀, àkèré? Ìyẹn ni mo ṣe ń gbé wọn. Garawa mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Orúnkún mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

OLÙYẸ̀WÒ: Ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ẹ ò sọ fún un ni?

ÌYÁ ONÍGARAWA: Òun náà wọ bàtà tó dáa. Ó ka ọgbọ̀n ẹja, ó ní kí n kú iṣẹ́, ó lọ.

OLÙYẸ̀WÒ: Háà, abájọ. Páìpù yìí ló gbapò kìíní nínú gbogbo páìpù wa. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì. Àwọn ọ̀gá ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ sí odò mẹ́rìnlélógún.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Odò mẹ́rìnlélógún? Èmi nìkan? Orúnkún wo?

OLÙYẸ̀WÒ: Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ má gbé ẹja kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n padà wá wò ó bó ṣe rí gan-an.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Bí mi ò bá gbé wọn, kò ní sí ẹja lókè. Ẹ ó wá kọ ọ́ pé páìpù ò dáa, wọn á tún un ṣe?

OLÙYẸ̀WÒ: Rárá. Bí kò bá sí ẹja lókè, ohun tí fọ́ọ̀mù ní kí n kọ ni pé odò yìí ò lẹ́ja. Odò tí ò lẹ́ja, kí ni wọ́n fẹ́ tún páìpù rẹ̀ ṣe fún?

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ẹ jẹ́ kó yé mi. Bí ẹja bá wà, páìpù dáa, ẹ ò ní tún un ṣe.

OLÙYẸ̀WÒ: Bẹ́ẹ̀ ni.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Bí ẹja ò bá sí, kò sí ẹni tó nílò páìpù, ẹ ò ní tún un ṣe.

OLÙYẸ̀WÒ: Ó mà tètè yé yín o. Àwọn kan ń bẹ lọ́fíìsì wa tí kò tíì yé títí dòní.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ìgbà wo wá lẹ máa ń tún un ṣe?

OLÙYẸ̀WÒ: Mi ò tíì kà dé ojú ewé yẹn.

Inú ń bí ìyá náà wàyí. Kò pè é ní ọ̀gá mọ́.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ọmọ mi, ìròyìn ò tó àfojúbà. Sọ̀ kalẹ̀ ká jọ lọ wò ó. Kò tó ogún ìṣísẹ̀.

OLÙYẸ̀WÒ: Ìyàwó mi ló ra bàtà yìí fún mi, mà.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ṣé kò mọ̀ pé odò lo ti ń ṣiṣẹ́ ni?

OLÙYẸ̀WÒ: Ọ́fíìsì odò ló mọ̀.

Nǹkan kan gbá sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, pà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún gbá a.

OLÙYẸ̀WÒ: Kí ló ń dún yẹn?

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ẹni tó o kọ sínú ìwé pé ó ti kọjá.

Àánú ṣe ọkùnrin náà lóòótọ́, ojú rẹ̀ sì fi hàn. Àmọ́ bí àánú bá ṣe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, inú ìwé náà ni yóò tún wò. Ó ń ṣí fọ́ọ̀mù lójú ewé lójú ewé.

OLÙYẸ̀WÒ: Mo ti rí i, mà. Ojú ewé kẹrin: "Bí ẹja bá ń gba ara nǹkan mìíràn kọjá, ṣàlàyé nǹkan náà." Mo lè kọ yín síbẹ̀.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Kọ mí.

OLÙYẸ̀WÒ: "Irú nǹkan tó jẹ́." Ìyá àgbàlagbà kan. "Ohun tí a fi ṣe é."

ÌYÁ ONÍGARAWA: Egungun. Ẹran ti tán lára rẹ̀.

OLÙYẸ̀WÒ: "Báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó?"

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ti garawa, ó fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Tèmi, máa bi mí bẹ́ẹ̀, wàá rí bó ṣe fẹ̀ tó.

OLÙYẸ̀WÒ: Ẹ má bínú, mà, ìwé ló ń béèrè. "Ọdún wo ni wọ́n gbé e síbẹ̀?" Ọdún kẹta rèé. "Ta ló ni ín?" Ìjọba nìkan ló wà níbi tí mo lè máàkì, mo ti máàkì ẹ̀.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Ìjọba ló ni mí?

OLÙYẸ̀WÒ: Láti àárọ̀ òní. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí nǹkan ìjọba nìkan la lè fowó tún ṣe. Ó ku ẹyọ kan: "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí ó ti bàjẹ́?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ogún garawa lóòjọ́, mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A ó wá padà wá yẹ̀ yín wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹja tún forí gbá sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀. Ìyá wo ọkùnrin náà láti orí dé bàtà. Ó jókòó sẹ́bàá títì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti garawa lọ bá a.

ÌYÁ ONÍGARAWA: Kọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́. Ṣebí o ní ti ìjọba ni.